Oje Funfun Inú Ọgbà Wa: Ẹ Ṣọ́ Ojú, Ẹ Ṣọ́ Ọmọ, Ẹ Ṣọ́ Ìkòkò

Bí ẹ bá yọjú síta nísinsìnyí tí ẹ yí ilé yín po, ó ṣòro kí ẹ má rí ọ̀kan nínú wọn. Ọrọ́ ẹlẹ́gùn-ún tó dúró gbọn-in lẹ́nu géètì. Lápálápá tí àwọn bàbá wa fi pààlà ilẹ̀. Lárà tó ń lalẹ̀ hù fúnra rẹ̀ lórí ààtàn. Ẹ̀gẹ́ tí a gbìn sẹ́yìnkùlé. Wọn ò jọra lójú rárá, ṣùgbọ́n mọ̀lẹ́bí kan náà ni wọ́n. Àwọn onímọ̀ nípa ewéko ń pe ìdílé náà ní Euphorbiaceae. Oríṣi igi àti ewéko tó lé ní 6,000 ló wà nínú rẹ̀ káàkiri ayé, ẹ̀yà tí ọrọ́ ti wá nìkan sì ní nǹkan bí 2,000. Igi rọ́bà tí wọ́n ń kọ lára ní Oǹdó àti Ẹdó wà níbẹ̀. Òdòdó pupa tí àwọn ará wa lókè òkun ń rà sínú ilé nígbà Kérésìmesì náà wà níbẹ̀. Ohun tí a fi ń dá púpọ̀ nínú wọn mọ̀ ni oje funfun tó máa ń tú jáde ní kété tí a bá já ewé tàbí tí a ṣẹ́ ẹ̀ka.

N kò kọ̀wé láti ní kí ẹ lọ gé gbogbo wọn dànù. Ta ni yóò ní kí ọmọ Yorùbá má jẹ gàrí mọ́? Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé a ti mọ àwọn igi wọ̀nyí láti kékeré, a ò sì bẹ̀rù wọn mọ́. A ń sá fún ejò, ṣùgbọ́n ta ló ń sá fún lápálápá? Bẹ́ẹ̀, ibi tí kálukú wọn kó oró tirẹ̀ pamọ́ sí yàtọ̀. Inú oje ni ti ọrọ́ wà, ojú àti ara ló sì ń bá jà. Inú kóró èso ni ti lápálápá àti lárà pọ̀ sí jù, ẹnu ọmọdé ló ń wá. Ti ẹ̀gẹ́ wà nínú iṣu rẹ̀ gan-an, nínú èèpo àti nínú ewé, inú ìkòkò ló sì ń bá wa. Ẹni tó bá mọ ibi tí oró wà ni yóò mọ ibi tí òun yóò ti ṣọ́ra.

Ojú ni n ó fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé òun ni àyà mi ń já sí jù. Bó ṣe sábà máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọkùnrin kan mú àdá ní òwúrọ̀ Sátidé, ó fẹ́ dín ọgbà ọrọ́ kù kó má baà dí ojú ọ̀nà. Àdá bà á, oje ta. Nígbà mìíràn, inú ojú ló ta sí tààrà. Nígbà mìíràn, ọwọ́ ló kọ́kọ́ kàn. Òógùn ń dà, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ọ̀ràn dé nìyẹn. Ojú á máa ta bí ẹni pé wọ́n fi ata rodo ra á. Á bu omi díẹ̀ sí i, ìrora á rọlẹ̀, á ní ó ti tán, á sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìrọ̀lẹ́ tàbí ọ̀gànjọ́ òru ni ọ̀rọ̀ á wá yíwọ́. Ìpéǹpéjú á wú, omi á máa dà, kò ní lè wo iná, kò sì ní ríran kedere mọ́. Oje yẹn ti bó awọ fẹ́lẹ́ tó mọ́ gaara níwájú ẹyinjú, ó sì ti mú kí inú ojú wú. Bó bá tètè dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú, ó sábà máa ń sàn láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Bó bá jókòó sílé, tí kòkòrò àrùn ráyè wọ ojú ọgbẹ́ náà, egbò á débẹ̀, egbò á fi àpá sílẹ̀, ojú náà sì lè fọ́ pátápátá.

Nítorí náà, bí oje bá ta sí ẹnikẹ́ni lójú, omi ni oògùn àkọ́kọ́, omi tó mọ́, tó sì pọ̀. Ẹni tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́ ní láti kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀ tàbí kó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ojú tí oje wọ̀ wà nísàlẹ̀ kí ìdọ̀tí má baà ṣàn sí èkejì. Ẹ fi ìka la ìpéǹpéjú rẹ̀, nítorí ojú yóò fẹ́ pa dé fúnra rẹ̀, kí ẹ sì máa da omi sí i díẹ̀díẹ̀ láti apá imú lọ sí apá etí. Ẹ wo aago: ìṣẹ́jú 15 sí 20 ni, kì í ṣe ìbọ́jú ẹ̀ẹ̀mejì. Bí omi ẹ̀rọ kò bá sí, ẹ já omi inú ọ̀rá, ẹ já òmíràn lé e. Lẹ́yìn náà, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn ojú lọ́jọ́ náà gan-an, kódà bó bá ní ara ti tu òun. Ìtura wákàtí àkọ́kọ́ yẹn ló ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má fún omi ọmú sí i. Ẹ má fi ìtọ̀ bọ́ ọ. Ẹ má kán omi ṣúgà, àgbo tàbí àdín sí i. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà wa ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ìfẹ́ ni wọ́n sì fi ṣe é, ṣùgbọ́n ojú tó ti bó dà bí ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ fún kòkòrò àrùn, ohunkóhun tí kò mọ́ tí a bá sì dà sí i ń pa kún ọṣẹ́ náà ni. Bákan náà ni kí ẹ má lọ sí kẹ́mísì lọ ra oògùn ìkánlójú tí ẹnìkan dárúkọ fún yín. Àwọn kan nínú oògùn wọ̀nyí ní sítẹ́rọ́ìdì nínú. Dókítà lè lò ó níbi tó yẹ, ṣùgbọ́n bí kòkòrò bá ti wà nínú egbò ojú, sítẹ́rọ́ìdì á ràn án lọ́wọ́ láti jẹ ẹyinjú ni.

Ẹni tí yóò gé ọrọ́ ní láti múra fún un. Kó wọ ẹ̀wù alápá gígùn, ṣòkòtò gígùn àti ìbọ̀wọ́, kó sì fi awò bo ojú, kódà kó jẹ́ awò òòrùn lásán. Kó má gé ẹ̀ka tó ga ju orí rẹ̀ lọ láti ìsàlẹ̀, nítorí pé oje yóò máa kán sílẹ̀ lé e lójú. Kó lé àwọn ọmọdé jìnnà kó tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá parí, kó fi ọṣẹ fọ àdá àti èèkù rẹ̀, kí ẹlòmíràn má baà gbá a mú lọ́la kó sì fi ọwọ́ yẹn ra ojú. Oje tó ti gbẹ ṣì lè ta ènìyàn. Aṣọ iṣẹ́ yẹn, kí wọ́n fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀. Bí oje bá kan ara, kí a fi aṣọ gbígbẹ tàbí bébà nù ún kúrò, lẹ́yìn náà kí a fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ̀ ọ́. Omi lásán kò tó, nítorí pé oje náà ń lẹ̀ mọ́ra.

Ẹnìkan á ní, ṣebí oje wọ̀nyí ni ìyá àgbà fi ń wo àrùn lápálápá tó ń yọ lára, tí wọ́n ń kán sí ihò eyín tó ń dùn wọ́n. Òótọ́ ni. Agbára wà nínú oje náà, n kò jiyàn. Agbára yẹn gan-an ni mò ń kìlọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ wo ọrọ́ adẹ́tẹ̀, tó ń hù nílẹ̀ ọ̀dàn títí lọ dé Àríwá, tí àwọn ọdẹ fi ń ṣe oró sí ọfà láyé àtijọ́. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní resiniferatoxin wà nínú oje rẹ̀. Lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ata ṣe ta tó, ó fi ìlọ́po 1,000 ta ju ògidì èròjà tó ń mú ata ta lọ. Àwọn dókítà ní National Institutes of Health, Amẹ́ríkà, ń dán an wò fún àwọn tí ìrora àrùn jẹjẹrẹ wọn ti kọjá ohun tí oògùn mìíràn ká, nítorí pé ó lè pa iṣan tó ń gbé ìrora dé ọpọlọ. Ìwọ̀nba bíńtín ni wọ́n ń lò, nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọkàn. Ṣé ohun tó yẹ kí a fi owú bù sí ihò eyín nìyẹn?

Ọ̀kan tún wà tí gbogbo ènìyàn rò pé ó ti yanjú. Láti ara ìbátan ọrọ́ kékeré kan tó ń hù ní Yúróòpù ni wọ́n ti yọ oògùn ìpara kan tó ń jẹ́ Picato, tí ìjọba Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù fọwọ́ sí ní 2012 fún awọ ara tí òòrùn ti bà jẹ́. Wọ́n ti yọ́ ọ mọ́, wọ́n ti wọ̀n ọ́n, wọ́n ti dán an wò. Síbẹ̀ ní 2020, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Yúróòpù dá a dúró, nítorí ẹ̀rí tó ń jáde pé ó lè dá àrùn jẹjẹrẹ awọ ara sílẹ̀ níbi tí wọ́n fi í pa. Bí oje tí wọ́n ti yọ́ mọ́ bá lè ṣe báyìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi èyí tó ń kán láti ara igi pa ọmọ lára. Ní pàtàkì, ẹ̀yin ìyá ọmọ tuntun, ẹ má fi oje lápálápá ra ahọ́n ọmọ nítorí funfun tó wà lẹ́nu rẹ̀. Oògùn funfun ẹnu wà ní ilé ìwòsàn, kò wọ́n, kì í sì í bó ọmọ lẹ́nu.

Lápálápá yìí ló kàn. Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wo bí àwọn ọmọ ṣe ń fi í ṣeré. Wọ́n á já ewé, wọ́n á ká igi ewé náà po di òrùka kékeré, oje á tẹ́ pẹrẹsẹ láàárín rẹ̀ bíi fèrèsé, wọ́n á gbé e sẹ́nu, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ìfófò aláwọ̀ mèremère á fò lọ. Ó dára lójú, inú ọmọ á dùn. Ẹnu rẹ̀ kò jìnnà sí oje yẹn ju ìka kan lọ, nígbà tí ìfófò bá sì bẹ́, ojú ló ń bẹ́ sí. Ẹ rọra gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀, kí ẹ sì po ọṣẹ sómi fún un kó máa fi fẹ́ tirẹ̀.

Èso rẹ̀ ló burú jù. Bí lápálápá bá so, èso rẹ̀ á kọ́kọ́ jẹ́ àwọ̀ ewé, á pọ́n, á gbẹ di dúdú, á sì là. Kóró dúdú méjì tàbí mẹ́ta máa ń wà nínú ọ̀kan. Bí a bá pa kóró náà, ohun funfun kan á yọ nínú rẹ̀ tó jọ ẹ̀pà, tó tún dùn díẹ̀ lẹ́nu bí ẹ̀pà. Àdùn yẹn ni ìdẹkùn. Ọmọ kan á jẹ ẹyọ kan, á fún ọ̀rẹ́ rẹ̀; ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé àwọn ọmọ bíi mélòó kan ni wọ́n sábà máa ń gbé dé ọsibítù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Láàárín wákàtí díẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun á máa jó wọn, inú á máa lọ́ wọn, èébì á dé, ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀ lé e. Omi ara tó ń gbẹ ló ń sọ ọ̀rọ̀ náà di ńlá. Àwọn àgbà ti sọ pé ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Àwa tí a mọ̀ ọ́n la gbọ́dọ̀ fi hàn wọ́n, kí a mú kóró náà dání, kí a là á níwájú wọn, kí a sọ fún wọn pé èyí kì í ṣe ẹ̀pà.

Kóró lárà léwu ju ti lápálápá lọ. Ó rẹwà, ara rẹ̀ ń dán, ó ní tótòtó, ìdí nìyí tí àwọn ọmọ fi ń ṣà á, tí àwọn mìíràn sì ń fi í ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Oró inú rẹ̀ ni ricin. Òun ni àwọn oníwàádìí gbà pé wọ́n fi pa òǹkọ̀wé ará Bulgaria kan, Georgi Markov, ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1978: ọta bíńtín kan tó kéré bí orí píìnì ni wọ́n ta sí i nítan, ọjọ́ mẹ́rin péré ló lò lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọmọ bá gbé kóró náà mì lódidi, èèpo líle rẹ̀ lè má jẹ́ kí oró jáde púpọ̀. Bó bá rún un lẹ́nu, ọ̀rọ̀ yí padà. Ohun tó tún mú kó burú ni pé ara ọmọ lè dá ṣáká fún wákàtí púpọ̀ kí àìsàn tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ má dúró wò ó. Àwọn tó ń fi lárà ṣe ògìrì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: wọ́n ń sè é pẹ́, wọ́n sì ń jẹ́ kó kan dáadáa, iná yẹn ló ń pa ricin. Epo lárà tí ilé iṣẹ́ ṣe kò ní ricin nínú, ṣùgbọ́n ẹ̀yin aláboyún, ẹ má ṣe mu ún nílé láti fa ìrọbí. Ẹ jẹ́ kí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí dá sí i.

Bí ọmọ bá jẹ èyíkéyìí nínú kóró wọ̀nyí, ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń sáré ṣe ni láti da epo pupa sí i lẹ́nu, tàbí kí a fi ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì. Ẹ dákun, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Epo pupa kì í pa oró. Bí ọmọ tó ń bì bá gbé epo náà gba ọ̀nà èémí, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ, ìyẹn á wá di àìsàn kejì lórí àkọ́kọ́. Ẹ yọ ohun tó kù lẹ́nu rẹ̀, ẹ fi omi fọ ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá. Bó bá ń bì tàbí tó ń yàgbẹ́ lójú ọ̀nà, tí ojú rẹ̀ sì là, tó sì lè gbé nǹkan mì, ẹ máa fún un ní omi iyọ̀ òun ṣúgà inú ọ̀rá tí wọ́n ń pè ní ORS, díẹ̀díẹ̀. Ẹ mú èso tàbí ewé náà lọ́wọ́ dání. Bí dókítà bá rí i, kò ní máa méfò.

Mo ti dé orí ẹ̀gẹ́, èyí tí gbogbo wa ń jẹ, ibí ni n ó sì ti pẹ́ díẹ̀. Àwọn Potogí ló gbé e wá láti Brazil, lónìí kò sí orílẹ̀-èdè tó ń gbìn ín tó Nàìjíríà. Èròjà kan wà nínú ẹ̀gẹ́ tó ń jẹ́ linamarin. Bí iṣu náà bá wà lódidi, ó dákẹ́ síbẹ̀. Bí a bá rin ín tàbí tí a rẹ ẹ́ tó rọ̀, èròjà mìíràn tó wà nínú ẹ̀gẹ́ yẹn kan náà á pàdé rẹ̀, á tú u palẹ̀, sáyánáìdì á sì jáde nínú rẹ̀. Májèlé ni sáyánáìdì. Ọgbọ́n àwọn ìyá wa ni pé wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń fún un láyè kó jáde tán kó tó di oúnjẹ. Bí wọ́n bá ti rin ẹ̀gẹ́ sínú àpò, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó kan. Òkúta tàbí jáàkì á fún omi rẹ̀ dànù. Wọ́n á kù ú, wọ́n á yan án nínú agbada gbígbóná, ìyókù sáyánáìdì á bá ooru lọ. Ìpele kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tó ń gbé kúrò níbẹ̀. Kò sí èyí tó jẹ́ àfikún lásán.

Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé owó ti ń lé wa eré. Gàrí wọ́n lọ́jà, oníbàárà ń dúró, ẹni tó rin ẹ̀gẹ́ láàárọ̀ sì fẹ́ yan án lálẹ́. Ìyẹn kì í ṣe gàrí tí àwọn ìyá wa ń ṣe. Ìlànà àgbáyé tí wọ́n ń pè ní Codex sọ pé sáyánáìdì inú gàrí kò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 2 lọ nínú kílò kan. Ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ fi kan ló ń mú wa débẹ̀. Ẹ̀yin ìyá oníṣẹ́ gàrí, mo mọ̀ pé àárẹ̀ ń mú yín, mo mọ̀ pé igi ìdáná ti gbówó lérí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un ní ọjọ́ tirẹ̀, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta. Kí ibi tí ẹ ti ń yan án ṣí sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè gbé ooru kúrò níwájú yín, nítorí ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ń fà á símú. Ẹni tó ń ṣe láfún, kó rẹ ẹ̀gẹ́ sómi títí yóò fi rọ̀ dénú, kó tó sá a sóòrùn. Ẹ̀gẹ́ tí a gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tí a kàn sá, tí a sì lọ̀ di ìyẹ̀fun láìrẹ ẹ́, oró rẹ̀ wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, ní àgbègbè Kasese ní Ùgáńdà, àwọn ènìyàn jẹ oúnjẹ ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ níbi ìsìnkú kan. Nígbà tí àwọn oníwàádìí parí iṣẹ́, ènìyàn 98 ni wọ́n kà pé ó kó sínú ọ̀ràn náà ní àgbègbè yẹn, ẹni méjì kú. Ẹ̀gẹ́ kíkorò tí wọn kò ṣe bó ṣe yẹ ló fà á. Orí á máa fọ́ni, òòyì á máa kọ́ni, èébì á dé, èémí á máa yára, ó lè di gìrì. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹ̀gẹ́, ẹ má gbàdúrà lórí rẹ̀ nílé títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ gbàdúrà lójú ọ̀nà ọsibítù.

Èyí tó ń rọra pani wà pẹ̀lú. Ní àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí tó jẹ́ dókítà ọpọlọ àti iṣan ní UCH Ìbàdàn, lọ ṣe ìwádìí láàárín àwọn ará Ẹ̀pẹ́ àti àyíká rẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń kú tipiri, tí wọn ò lè dúró ṣinṣin mọ́, tí ojú àti etí wọn ń ṣá. Ó rí i pé ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, ó sì so àìsàn náà pọ̀ mọ́ sáyánáìdì kékeré tó ń wọlé sára lójoojúmọ́. Ní Mozambique lọ́dún 1981, nígbà tí ọ̀dá dá, ènìyàn tó lé ní 1,000 ni ẹsẹ̀ wọn rọ láìròtẹ́lẹ̀ ní agbègbè Nampula, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ obìnrin àti ọmọdé. Ọ̀dá máa ń mú kí oró inú ẹ̀gẹ́ pọ̀ sí i, ebi sì máa ń mú kí a dín ọjọ́ rírẹ kù. Ara wa lè bá sáyánáìdì díẹ̀ jà, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ẹ̀wà, ẹja, ẹyin àti ẹran ló fi ń jà. Ọmọ tó ń mu gàrí lásán láti Mọ́ńdè dé Mọ́ńdè kò ní ohun ìjà. Bí owó kò bá tó ra ẹran, ẹ fi ẹ̀wà sí i, ẹ fi ẹ̀pà sí i, ẹ fi ẹja yíyan kékeré sí i. Gẹ̀gẹ̀ ọrùn náà lè tinú oró yìí wá níbi tí ayodíìnì kò bá ti tó, nítorí náà iyọ̀ tó ní ayodíìnì ni kí ẹ máa rà.

Ẹ má jẹ́ kí ọmọ jẹ ẹ̀gẹ́ tútù lóko, bó ti wù kó dùn tó. Adùn kì í fi gbogbo ìgbà sọ pé kò sí oró. Omi tó ń ṣàn láti ìdí jáàkì, ẹ gbẹ́ kòtò fún un jìnnà sí kànga, kí ewúrẹ́ má sì ráyè mu ún. Ẹni tó ń sin ewúrẹ́ ti rí èyí tó jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ tútù tó sì kú kílẹ̀ tó ṣú. Èèpo tí a ti sá gbẹ dáadáa ni kí a fún wọn, kó má sì pọ̀ jù.

Fún àwọn ará wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Houston tàbí São Paulo, ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń tà fún yín bíi kátọ́ọ̀sì inú ìkòkò, ọrọ́ gan-an ni. Ẹ fi abẹ́rẹ́ gún un díẹ̀ kí ẹ tó gbé e wọlé. Bí oje funfun bá jáde, ibi tí ọwọ́ ọmọ kò lè tó ni kí ẹ gbé e sí. Òdòdó Kérésìmesì pupa ní tirẹ̀ kò le tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́: ó lè yún ara tàbí da inú rú díẹ̀. Ní Brazil, wọ́n ń pe ọrọ́ aláìléwé kan ní aveloz, àwọn kan sì ń mu oje rẹ̀ sí àrùn jẹjẹrẹ. Ẹ má bá wọn dá a láṣà. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, 111 ni ẹ ó pè ní Bìrìtìkó, tàbí 999 bó bá ti le; ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ tó ń gbani nímọ̀ràn lórí májèlé wà lórí 1-800-222-1222 tọ̀sán tòru. Ní Nàìjíríà, 112 ni.

Ó ku ọgbà iléẹ̀kọ́. Púpọ̀ nínú iléẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa ni lápálápá yí ká, nítorí ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́, ọgbà náà sì rọ̀ wá lọ́rùn láti gbìn. Ẹ̀yin òbí tó ń lọ sí ìpàdé PTA, ẹ gbé e kalẹ̀ níbẹ̀. Bí owó bá wà láti fi nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀ lápá ibi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré, kí a ṣe é. Bí kò bá sí, kí àgbàlagbà méjì tàbí mẹ́ta máa wá lẹ́yìn tí iléẹ̀kọ́ bá ti tú, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti awò lójú, kí wọ́n ká gbogbo èso rẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé, kí wọ́n sì gbẹ́ ilẹ̀ jìn kí wọ́n bò ó mọ́lẹ̀. Kí wọ́n padà wá wò ó lóṣooṣù ní gbogbo ìgbà òjò, nítorí pé ìgbà yẹn ló ń so jù.